Ẹ́ńjìnnì Jeep 4.0 tó ti gbó: ká tún un ṣe bó ṣe wà, àbí ká sọ ọ́ di 4.6?

Ìbéèrè òǹkàwé: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Jeep Cherokee ọdún 1994 ni mò ń wà, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 4.0, sìlíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ó ti rin 330,000 kìlómítà. Tí mo bá ṣíná sí i láàárọ̀, á tú èéfín búlúù díẹ̀, èéfín náà á sì lọ. Tó bá wá gbóná dáadáa, ọwọ́ géèjì ọ́ìlì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdo tí mo bá dúró lójú kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ tún un ṣe lásán, pé kí n wá kíráńkì ẹ́ńjìnnì 4.2 àtijọ́ fi sí i, yóò di 4.6. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìdáhùn: Òótọ́ lọ̀rẹ́ yín sọ, àmọ́ ohun tó sọ kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ọmọ ìyá ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Ọdún 1971 ni ilé iṣẹ́ AMC ní Amẹ́ríkà ti gbé 4.2 jáde, wọ́n sì ń lò ó títí di 1990. Inú Jeep ti ọdún 1987 ni 4.0 ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wà títí di 2006. Ọrùn kíráńkì (irin tí písítìnì ń yí) tó ń jókòó sínú bùlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì, fẹ̀ tó mílímítà 63.5 nínú àwọn méjèèjì. Ọrùn tí kọ́nrọ́ọ̀dù (irin tó so písítìnì mọ́ kíráńkì) ń dì mọ́ jẹ́ mílímítà 53.2 nínú àwọn méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí kíráńkì ṣe ń gbé písítìnì rìn tó láti ìsàlẹ̀ dókè: 86.7 mm ni ti 4.0, 98.9 mm ni ti 4.2. Ìdí nìyẹn tí kíráńkì náà fi máa ń wọlé wẹ́rẹ́. Àmọ́ wíwọlé rẹ̀ ò tíì jẹ́ nǹkan. Àlàfo tó bá kù láàárín etí písítìnì àti tọ́ọ̀pù sìlíńdà (ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì) ló máa sọ bóyá ẹ́ńjìnnì náà á pẹ́, a ó sì dé orí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Èéfín búlúù tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná nìkan ló ń yọ, rọ́bà ìdí fáàfù ló sábà máa ń fà á. Ọ́ìlì á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù sọ̀kalẹ̀ lóru, òun ló ń jó láàárọ̀. Èéfín ti ríǹgì písítìnì kì í yára lọ bẹ́ẹ̀: tí ẹ bá ń gun òkè tí ẹ tẹná, á máa tú u, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ jáde lẹ́nu ibi tí à ń bu ọ́ìlì sí. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ wọn kọ̀m̀pírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ yọ fíúùsì pọ́ńpù epo àti wáyà kọ́ìlì, ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹnì kan tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá bó ṣe ń yí sítátà. Láti 120 sí 150 psi (ìwọ̀n agbára ìtì) ni ẹ́ńjìnnì yìí gbọ́dọ̀ mú wá, sìlíńdà tó ga jù àti èyí tó kéré jù ò sì gbọ́dọ̀ fi ju 30 psi lọ síra wọn. Èyí tó bá kéré, ẹ da ṣíbí ọ́ìlì kan sínú ihò plọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá fò sókè, ríǹgì tàbí ojú sìlíńdà ló jẹ. Bí kò bá yí padà, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Ní ti géèjì ọ́ìlì, ẹ má gba ọ̀rọ̀ èyí tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ máa ń parọ́ gan-an bó bá ti gbó. Ẹ tú sẹ́ńsọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà ọ́ìlì, kí ẹ de géèjì onípáìpù sí ojú ihò rẹ̀. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó gbóná tó sì ń yí ní ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan, 13 psi ni ìwọ̀n tó kéré jù tí ilé iṣẹ́ fàyè gbà. Láti 1,600 lọ sókè, ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 37 sí 75. Bí géèjì tuntun bá fi 18 hàn, tí kọ̀m̀pírẹ́ṣọ̀n sì dọ́gba, rọ́bà fáàfù àti sẹ́ńsọ̀ lẹ nílò, kò sídìí tí ẹ ó fi tú nǹkan kan. Bó bá wà nísàlẹ̀ 13, ṣéèlì (abọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọrùn kíráńkì ń yí nínú rẹ̀) ti jẹ, pọ́ńpù ọ́ìlì sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má tún gbàgbé àwọn ṣéèlì káàmù (irin tó ń ṣí fáàfù), torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pààrọ̀ ti kíráńkì tí wọ́n á fi ti káàmù sílẹ̀, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé ọ́ìlì ò gbéra.

Ká wá sọ pé ó ti di títú. Ẹ fi nọ́ńbà sàmì sí ìdérí kọ́nrọ́ọ̀dù àti ti kíráńkì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yọ wọ́n, torí àárín ìdérí àti ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ihò náà. Bí ìdérí sìlíńdà kejì bá lọ sórí ìkẹrin, ihò náà ò ní rí róbótó mọ́. Ẹ wo yẹ̀rì písítìnì, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń fara nu ògiri sìlíńdà. Tí písítìnì 4.0 bá ti ń gbá ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ pẹ́, yẹ̀rì yìí máa ń sán, ó sì máa ń já bọ́ sínú pánù ọ́ìlì. Ẹ dojú tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan (irin tó ń gun orí káàmù) kọ ìmọ́lẹ̀: tuntun máa ń wú díẹ̀ láàárín, èyí tó bá ti jin kòtò ti kú, káàmù tó sì bá a rìn ti kú pẹ̀lú. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà tó wà lórí ọkọ̀ 1994 ní nọ́ńbà 7120 lára. Tọ́ọ̀pù gidi ni, kò burú. Bó bá ti bàjẹ́ tí ẹ sì ń wá òmíràn, ẹ ṣọ́ra fún 0331 tó wá lórí ọkọ̀ ọdún 2000 àti 2001: ó máa ń sán láàárín sìlíńdà kẹta àti ìkẹrin, omi á sì máa wọ inú ọ́ìlì. Èyí tí wọ́n tún rọ lẹ́yìn náà, tí wọ́n kọ TUPY sí láàárín, ti yanjú ìyẹn.

Ojú sìlíńdà ló máa ṣèdájọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lókè, láàárín, nísàlẹ̀, ẹ yí géèjì níbùú kí ẹ tún un wọ̀n. Bí òkè bá fi ju 0.025 mm lọ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀, tàbí kó má rí róbótó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, rébóòrù ló kàn, ìyẹn gígé ojú sìlíńdà fẹ̀ sí i. Èrò mi nípa 4.6 dá lórí èyí. Bí bùlọ́ọ̀kù ò bá nílò rébóòrù, kò bọ́gbọ́n mu kí ẹ bà á jẹ́ torí agbára. Bó bá nílò rẹ̀, ẹ ti máa ra písítìnì tuntun tẹ́lẹ̀, ẹ sì ti máa gé kíráńkì tẹ́lẹ̀, kíráńkì 4.2 ò wá ní fi bẹ́ẹ̀ fi iṣẹ́ kún iṣẹ́.

Ẹ ra písítìnì kí ẹ tó gé bùlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì gé bùlọ́ọ̀kù bá písítìnì tó wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe bá nọ́ńbà tó wà lára páálí. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni 0.76 mm lórí ojúlówó, èyí tó ń sọ sìlíńdà 98.4 mm di 99.2 mm. Ẹ sọ fún ẹni tó ń gé e pé kó de irin tó nípọn mọ́ orí bùlọ́ọ̀kù kó tó fi òkúta họ ojú rẹ̀, kó sì dì í bí ìgbà tí tọ́ọ̀pù wà níbẹ̀, torí bóòtì tọ́ọ̀pù máa ń fa ògiri sìlíńdà wọ́. Sìlíńdà tó rí róbótó lórí tábìlì lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá dì í.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun ni fífọ̀ ń pa. Òkúta tí wọ́n fi họ ojú sìlíńdà máa ń fi ìyẹ̀fun sílẹ̀ nínú àwọn ìlà tó kọjá síra wọn yẹn, petirólù ò sì lè kó o jáde. Ńṣe ló máa tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i. Omi gbígbóná, ọṣẹ ìfọṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, ẹ fẹ́ ẹ gbẹ kíá kó tó dípẹtà, kí ẹ wá rẹ aṣọ funfun sínú ọ́ìlì jíà ọlọ́tomátíìkì, kí ẹ fi nù ún. Bí aṣọ bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ eérú, ẹ padà sídìí ọṣẹ. Ó lè tó ìgbà mẹ́rin kí aṣọ náà tó funfun. Ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gba gbogbo ojú ọ̀nà ọ́ìlì inú bùlọ́ọ̀kù àti ti kíráńkì pẹ̀lú.

Ó wá kan ìṣirò 4.6 náà. Sìlíńdà tó fẹ̀ 99.2 mm, tí písítìnì ń rin 98.9 mm nínú rẹ̀, máa ń gba 764 cc. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́fà, lítà 4.59 nìyẹn. Ẹ wá wo gíga rẹ̀. Láti àárín kíráńkì dé orí bùlọ́ọ̀kù jẹ́ 240.1 mm. Ìdajì ìrìn kíráńkì jẹ́ 49.5, kọ́nrọ́ọ̀dù 4.2 jẹ́ 149.2, láti pín-ìnì písítìnì 4.0 (irin tó so ó mọ́ kọ́nrọ́ọ̀dù) dé orí rẹ̀ sì jẹ́ 40.7. Àpapọ̀ wọn ò ju 239.4 lọ, ìyẹn ni pé písítìnì á dúró ní nǹkan bíi 0.75 mm nísàlẹ̀ ojú bùlọ́ọ̀kù. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn 1.1 mm nígbà tí a bá dì í á tún fi tirẹ̀ kún un, àlàfo á di 1.85 mm. Ó ti pọ̀ jù.

Ìdí tó fi pọ̀ jù nìyí. Tọ́ọ̀pù yìí ní ibì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí písítìnì bá gòkè tán, ibi pẹrẹsẹ yẹn àti etí písítìnì máa ń fún epo àti afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn bí ẹni ń fún ọsàn, wọ́n á sì tú u lọ síbi tí plọ́ọ̀gì wà kó lè jó pọ̀ mọ́ ìyókù. Bí àlàfo bá tóbi, epo á jókòó síbẹ̀, á gbóná, á sì gbiná fúnra rẹ̀ kí iná plọ́ọ̀gì tó débẹ̀. Kíkàn tí ẹ ó gbọ́ nìyẹn bí ẹ bá ń tẹná. Kì í ṣe nọ́ọ̀kì ti ṣéèlì tó jẹ, àmọ́ òun náà ló ń fọ́ ríǹgì tó sì ń gbẹ́ ihò sórí písítìnì. Láàárín 1.0 sí 1.5 mm ni kí ẹ fi àlàfo náà sí.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gé 0.5 mm kúrò lórí bùlọ́ọ̀kù, kí àlàfo di 1.35. Àmọ́ ẹ wo ohun tíyẹn ń ṣe sí ìpín kọ̀m̀pírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ìlọ́po iye tí a ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ká sọ pé ẹ fi bùrẹ́ẹ̀tì (ìgò ìwọ̀n) bu ọ́ìlì wọn ihò iná tọ́ọ̀pù, ó jẹ́ 58 cc, kòtò orí písítìnì jẹ́ 17, gásíkẹ́ẹ̀tì 8.7, ìyókù àlàfo orí bùlọ́ọ̀kù 1.9. Àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 85.6. Ẹ fi í pín 764, ẹ fi ẹyọ kan kún un: 9.9 sí 1. Ẹ́ńjìnnì 4.0 tó wá látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ò ju 8.8 lọ, kọ̀ǹpútà tó sì wà nínú ọkọ̀ láti ọdún 1991 kò ní sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ kíkàn kó lè dá iná plọ́ọ̀gì padà. Tó bá jẹ́ epo lásán lẹ fẹ́ máa rà, ẹ má ṣe kọjá 9.3 sí 9.5, ìyẹn ni pé kòtò písítìnì gbọ́dọ̀ tó 24 cc.

Ọ̀nà kejì ló dára jù lójú mi: kí ẹ fi kọ́nrọ́ọ̀dù 4.0 tó gùn tó 155.6 mm sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ ra písítìnì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, tí gíga rẹ̀ láti pín-ìnì dókè jẹ́ 35 mm, tí kòtò orí rẹ̀ sì tó 25 cc. Orí písítìnì á dọ́gba pẹ̀lú ojú bùlọ́ọ̀kù, àlàfo á wá jẹ́ ti gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Písítìnì náà fúyẹ́, kọ́nrọ́ọ̀dù gígùn ò sì ní máa ti písítìnì mọ́ ògiri tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń wá kíráńkì 4.2, ẹ ka àwọn irin wúwo tó yọ lára rẹ̀. Èyí tó ní 12 ti pẹ́ jù, ó wúwo, imú rẹ̀ níwájú sì gùn ju ti 4.0 lọ, á sì bèèrè pé kí ẹ gé e tàbí kí ẹ fi wọ́ṣà sí i. Èyí tó ní mẹ́rin, tó wá lẹ́yìn, ló rọrùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì wá sísán kiri lára rẹ̀ kí ẹ tó náwó lé e lórí. Sẹ́ńsọ̀ kíráńkì ọkọ̀ yín, ara fìláíwíìlì (àgbá irin ẹ̀yìn kíráńkì) ló ti ń kàwé, nítorí náà ẹ di fìláíwíìlì tiyín mú, ti 4.2 ò lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà nínú bùlọ́ọ̀kù, ẹ fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, kí ẹ máa wo bóòtì kọ́nrọ́ọ̀dù bó ṣe ń kọjá lẹ́bàá ìsàlẹ̀ sìlíńdà àti káàmù. Níbi tí àyè ò bá tó 1.5 mm, ẹ rọra fi fáìlì gé irin ibẹ̀, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ fọ̀.

Ríǹgì òkè: ẹ fi orí písítìnì tì í bọ́ sínú sìlíńdà kó lè dúró gún, ẹ ki fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) bọ ẹnu rẹ̀. Fún sìlíńdà 99.2, ìwọ̀n 0.40 mm ló yẹ. Bí ẹnu ríǹgì bá pàdé nígbà tó bá gbóná, á gan mọ́ sìlíńdà, á sì fọ́ etí písítìnì. Fún ṣéèlì, ẹ fi okùn Plastigauge, tó máa ń tẹ́ bí a bá dì í, wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ti kíráńkì, 0.03 sí 0.06 mm, kí ẹ sì wá èyí tó súnmọ́ 0.05, ti kọ́nrọ́ọ̀dù, 0.025 sí 0.076. Bí kíráńkì ṣe ń lọ síwá sẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.04 sí 0.165 mm.

Dídì: ìdérí kíráńkì ní ìgbà mẹ́ta, 54, 95, lẹ́yìn náà 108 Nm. Kọ́nrọ́ọ̀dù ojúlówó, 45 Nm. Bó bá jẹ́ bóòtì ilé iṣẹ́ mìíràn, ìwọ̀n tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Tọ́ọ̀pù, láti àárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, 30 Nm, 61, ẹ tún 61 yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà 149. Bóòtì kọkànlá nìkan ló yàtọ̀: ó wọ ibi tí omi ń gbà, nítorí náà ẹ fi gọ́ọ̀mù páìpù pa á lára, 135 Nm sì ni tirẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé gọ́ọ̀mù yìí á máa rí omi tó ń yọ́ lórí bùlọ́ọ̀kù, á sì rò pé gásíkẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́. Rọ́bà ẹ̀yìn kíráńkì pín sí méjì. Ètè rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sínú ẹ́ńjìnnì.

Bí ẹ bá ti gé orí bùlọ́ọ̀kù, púṣírọ́ọ̀dù àtijọ́ (irin láti tápẹ́ẹ̀tì dé rọ́kà) ti gùn jù nìyẹn. Rọ́kà ẹ́ńjìnnì yìí, apá tó ń tẹ fáàfù, kò ní ibi tí a ti ń tún un ṣe, ńṣe la kàn ń dì í sí 28 Nm, nítorí náà gígùn púṣírọ́ọ̀dù nìkan ló ń sọ bí inú tápẹ́ẹ̀tì ṣe wọlé tó. Láàárín 0.5 sí 1.0 mm ni kó wọlé. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáàfù ò ní pa dé, á sì jó.

Káàmù tuntun, tápẹ́ẹ̀tì tuntun, méjèèjì pọ̀ ni. Ẹ má ra káàmù ńlá tó ń pariwo, ẹ́ńjìnnì 4.6 fẹ́ràn agbára ìsàlẹ̀, èyí tó bá ṣí fáàfù fún bíi dígírì 200 sí 210 yíyí kíráńkì, tí a wọ̀n láti ìgbà tí tápẹ́ẹ̀tì bá gòkè 0.050 ínǹṣì, ti tó o. Ẹ fi òróró nípọn tí a fi ń to ẹ́ńjìnnì sí gbogbo ojú káàmù. Kí ẹ tó ki dìsìtìríbútọ̀ sí i, ẹ fi irin pẹlẹbẹ gígùn sẹ́nu dìríìlì, ẹ yí pọ́ńpù ọ́ìlì síhà ọwọ́ aago títí ọ́ìlì á fi jáde lórí rọ́kà méjèèjìlá. Ọ́ìlì 5.7 lítà ló ń gbà, ẹ wá èyí tó ní síǹkì dáadáa. Ètò iná plọ́ọ̀gì ni 1-5-3-6-2-4.

Tí ẹ bá ti ṣíná sí i, ẹ má jẹ́ kó máa yí díẹ̀díẹ̀ lójú kan. Ẹ gbé e dé ìyípo 2,000 sí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan lójú ẹsẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ọ́ìlì tí kíráńkì ń ta sókè ló ń rọ ojú káàmù, tí kíráńkì bá sì yí díẹ̀díẹ̀, kò ní ta tó. Tápẹ́ẹ̀tì tí kò bá yí lórí káàmù ní wákàtí àkọ́kọ́ yẹn kò ní yí mọ́ láé. Nítorí náà, ẹ ti rí i dájú tẹ́lẹ̀ pé epo dé, iná dé, rédíétọ̀ kún, kò sì sí afẹ́fẹ́ tó há sẹ́yìn tàmósítáàtì. Ẹ da ọ́ìlì náà nù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 yìí, kí ẹ tún da èkejì nù ní 800 kìlómítà.

Epo ló kù. Nọ́sùlù ojúlówó tó ń fọ́n epo kò lè bọ́ lítà 4.6 nígbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè fi sẹ́ńsọ̀ èéfín ṣe àtúnṣe nígbà tí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ fún 4.0 ló máa lò, epo á kéré, písítìnì á sì yọ́. Nọ́sùlù tó ń tú 250 cc ní ìṣẹ́jú kan lábẹ́ 43.5 psi ni àwọn èèyàn ń lò. Lábẹ́ 39 psi tó wà nínú ọkọ̀ 1994, ó ń di nǹkan bíi 237. Ẹ de sẹ́ńsọ̀ gbòòrò (wideband) sí páìpù èéfín, kí ẹ rí i pé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo wà láàárín 12.5 sí 13 nígbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ tún fi ìmọ́lẹ̀ wo mánífóòdù èéfín, torí ti ọdún yẹn máa ń sán níbi ìpàdé páìpù, afẹ́fẹ́ tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé á tan sẹ́ńsọ̀ yín jẹ.

Ìyẹn tún wà níwájú. Géèjì onípáìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ dè. Ẹ kọ iye psi ọ́ìlì tí ẹ bá rí nígbà tó bá gbóná, àti nọ́ńbà kọ̀m̀pírẹ́ṣọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó tú bóòtì kankan.